Òòfà Tí Fàrídà Yàn

Irin pẹlẹbẹ náà ti gòkè dé ìwọ̀n ìgbáròkó àgbàlagbà nígbà tí igun rẹ̀ kan dẹ̀ sísàlẹ̀ bí ewé kókò tí òjò ń pa. Kí Fàrídà tó la ẹnu, ó ti já. Kò yọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò fì sọ́tùn-ún fì sósì; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tú kúrò lára òòfà tí kéréènì fi gbé e, ó fi ẹ̀gbẹ́ gúnlẹ̀, ó sì wó gbalaja sí apá òsì, apá tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ilẹ̀ mì. Àwọn lékeléke tó bà sórí òrùlé páànù fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n rí etí àpótí onígi tí Àyọ̀kẹ́ máa ń jókòó lé bó bá ń jó irin pọ̀. Etí náà nìkan ni wọ́n rí. Ìyókù ti wà lábẹ́ irin, ó ti fọ́ túútúú.

Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wà lẹ́bàá tábìlì tó ti lọ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ibẹ̀, ìbọ̀wọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì ní ìdajì ọwọ́ òsì. Kò sunkún. Ó wo àpótí, ó wo irin, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ òsì bọ ìbọ̀wọ́ náà, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí iṣẹ́ ṣì ń dúró dè. Ìka wọnnì tó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ba Fàrídà lẹ́rù ju ariwo irin lọ.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù. Ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìpetumodù yìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe táǹkì ńlá ńlá fún epo pupa àti omi, kì í dákẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dákẹ́ wàyí. Fikáyọ̀ tó ń fi gáàsì gé irin ti pa iná rẹ̀. Ògúndèjì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ń darí kéréènì, ṣì di rìmóòtù rẹ̀ mọ́ àyà. Kò wo irin tó já. Òòfà tó ṣì rọ̀ lórí ìkọ́ lókè ló tẹjú mọ́.

Òòfà náà, Fàrídà ló yàn án.

Fàrídà Èṣùbíyì ni onímọ̀-ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni, yunifásítì tó wà níbẹ̀ náà ló ti kàwé, ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní Ọ̀tà kó tó padà wálé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Tọmọdé tàgbà ibi iṣẹ́ ń pè é ní Ẹnjiníà. Nígbà tó dé, ẹ̀wọ̀n àti ìkọ́ ni wọ́n fi ń gbé irin, ẹ̀wọ̀n a sì máa há ọwọ́. Ọkùnrin méjì ti pàdánù ìka sí i. Fàrídà pinnu pé kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Oṣù mẹ́rin ló fi wádìí òòfà. Èyí tó ń lo iná mànàmáná, ó kọ̀ ọ́, nítorí bí iná bá lọ, ohun tó gbé dání á já, ta ni kò sì mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní Ifẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fa irin mọ́ra, ó kọ ìyẹn náà, nítorí eruku àti ìpẹtà kò ní jẹ́ kó dì dáadáa. Èyí tó wá mú ni èyí tí kò nílò iná rárá: òòfà tó tóbi tó búrẹ́dì onígun mẹ́rin ńlá, tó ní ọwọ́ irin gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá yí ọwọ́ náà síwájú, òòfà á gbá irin mú. Bí o bá yí i sẹ́yìn, á jù ú sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ó lè gbé tọ́ọ̀nù kan. Irin tó já yìí kò ju igba kílò ó lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó lè gbé mẹ́rin, báwo ni ọ̀kan ṣe wúwo jù fún un?

Ọ̀gá Lágúnjú, ọmọ Ẹdẹ tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ìlà, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tó ń pe "Hẹ̀lóò, hẹ̀lóò," ọ̀gá kò sì rántí pa á. Ọ̀dọ̀ Àyọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ó di apá rẹ̀ mú, ó yí i padà wò níwájú lẹ́yìn bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ṣubú, ó ní kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n sì mú un lọ jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọjú sí Ògúndèjì.

"Bàbá, ṣé ẹ yí ọwọ́ òòfà yẹn dópin?"

"Mo yí i dópin, sà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Lágúnjú ní wọn kò tíì lo òòfà náà ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ, tuntun ni, Ẹnjiníà ló fara balẹ̀ yàn án, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì yé gbogbo ẹni tó mọ̀wé. Bí kì í bá ṣe òòfà, a jẹ́ pé ọwọ́ tó yí i ni. Kò jágbe, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ lọ sókè. Ó ní bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ọwọ́ èèyàn kì í dúró mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ò ní dúró di ìgbà tí òun máa lọ kan ilẹ̀kùn ìyá ọmọ kan. Ó yíjú sí Fàrídà, ó ní kó kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì kọ ìwé ìdágbére tó máa yọ Ògúndèjì níṣẹ́ mọ́ ọn, kí méjèèjì wà lórí tábìlì òun kó tó di aago mẹ́rin. Ìgbà náà ló tó rántí pa fóònù.

Fàrídà retí kí Ògúndèjì jà. Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀. Kéréènì tó ti gbó sí i lọ́wọ́ ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n ó kàn tẹrí ba díẹ̀ fún ọ̀gá, ó gbé rìmóòtù kọ́ sórí ìṣó rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù lọ. Lójú Fàrídà, ìdákẹ́ yẹn jọ ti ẹni tó mọ ohun tí òun ṣe. Ara tù ú. Ó mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan kan ṣe tú nínú àyà rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ fún.

Ó wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó pe Akínkúnlé, ẹni tó ta òòfà náà fún wọn láti Ìbàdàn. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ayédèrú ni, nítorí bí kò bá jẹ́ ẹ̀bi Ògúndèjì, kó jẹ́ ti ẹnì kan ní Ìbàdàn. Ó ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akínkúnlé gbọ́ ọ, kò dá a lóhùn ìjà. Ìbéèrè kan péré ló bi í.

"Báwo ni irin yẹn ṣe nípọn tó?"

"Mílímítà mẹ́fà."

Ìlà náà dákẹ́ débi pé Fàrídà gbé fóònù kúrò létí láti wò ó bóyá ó ti já.

"Ẹnjiníà," ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn, "mo bi yín léèrè ìyẹn nínú lẹ́tà tí mo kọ. Ẹ ní irin oríṣiríṣi ni."

Ó ní kó ṣí ìwé kékeré tó bá òòfà náà wá sí ojú ewé kẹsàn-án. Ìwé náà wà nínú dúróọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fà á jáde, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì ya.

Ó fi eyín fa ọ̀rá náà ya. Àtẹ kan ló wà ní ojú ewé kẹsàn-án, ìlà mẹ́rin péré. Bí irin bá nípọn tó ogójì mílímítà, òòfà á gbé tọ́ọ̀nù kan. Bó bá jẹ́ ogún, ó ti dín. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ọgọ́jọ kílò. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà nísàlẹ̀: bí wọ́n bá ti kun irin lọ́dà, tàbí tó bá dípẹtà, tàbí tó fẹ̀ débi tó lè tẹ̀, kí ẹ tún dín in kù sí i. Irin àárọ̀ yìí wọn igba kílò ó lé méjìlá. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún nítorí ìpẹtà. Ó sì fẹ̀ ju ibùsùn lọ.

Akínkúnlé ṣì ń ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni tó ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní inú irin ni agbára òòfà ń gbà kọjá. Bí irin bá tinrin, agbára náà ò ríbi gbà, àfi bí igi tó ta gbòǹgbò sórí àpáta. Ó ní fún irin tó tinrin tó sì fẹ̀, kì í ṣe òòfà ńlá kan ni èèyàn ń rà, kékeré mẹ́rin ni, tí wọ́n á so mọ́ abẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan kí wọ́n lè di irin náà mú níbi mẹ́rin, kó má baà tẹ̀. Fàrídà ń dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ìwé tó fi ṣe àṣàyàn jáde, ojú ewé méje tí Lágúnjú fi yangàn níwájú àwọn àlejò. Ìlà wà níbẹ̀ fún iná, fún ìpẹtà, fún ìwúwo, fún bí ọwọ́ òòfà ṣe gùn tó. Kò sí ìlà fún nínípọn irin. Ó wá a látòkè délẹ̀, ó tún wá a lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti tú tẹ́lẹ̀. Òun, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn pé kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

Kò sí ẹlòmíràn tó ṣí ìwé yẹn rí. Ìbàdàn jìnnà. Ògúndèjì ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Fàrídà gbé kọ̀ǹpútà síwájú, ó tẹ orúkọ ọkùnrin náà sókè ìwé ìdágbére, ó tẹ déètì sí i, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní mọ́sálásí òdìkejì títì, ó dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ó dé àárín ìrun, kò mọ iye rákà tó ti kí mọ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún sọ ọ́ nù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó forí kanlẹ̀, kò sì tètè gbé e. Kì í ṣe pé ó ń gbàdúrà, àpótí tó fọ́ yẹn ló ń rí.

Aago méjì ku díẹ̀ nígbà tó jáde. Ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá wá, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì dúró lẹ́yìn ìlà òféèfèé tí wọ́n fi kun ilẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ògúndèjì náà, ṣùgbọ́n kò gbé rìmóòtù fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gbé òòfà lé orí irin ìdí táǹkì, èyí tó nípọn tó ogójì mílímítà tó sì wọn tó ẹgbẹ̀rin kílò. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ dópin, ó kúrò níbẹ̀, ó tẹ rìmóòtù. Irin náà gbéra bí ẹni gbé igbá òfìfo. Ó jẹ́ kó dúró sókè fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kò mì. Lágúnjú mi orí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó rò pé ẹjọ́ ti parí.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n to igi sílẹ̀, ó sì mú òòfà lọ sórí irin pẹlẹbẹ mìíràn, ìkejì èyí tó já. Ó yí ọwọ́ òòfà dópin, ó fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì pe Lágúnjú kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó pé kò sí ibi tí ọwọ́ náà tún lè yí sí. Nígbà tí ọ̀gá ti padà sẹ́yìn ìlà, ó tẹ rìmóòtù.

Irin náà kúrò lórí igi ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́. Igun rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sísàlẹ̀. Láàárín òòfà àti irin, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, tó fẹ́lẹ́ bí okùn òwú. Gbogbo wọn rí ìmọ́lẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni irin náà já, igi sì fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Lágúnjú jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù kan láì wẹ̀yìn.

"Èmi ni mo yí ọwọ́ rẹ̀, sà," Fàrídà wí. Ohùn rẹ̀ dún létí ara rẹ̀ bí ohùn àlejò. "Èmi náà ni mo yàn án. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá pé kò lè gbé e. Mi ò ka ibẹ̀."

Ó gbé ìwé kékeré náà fún un, ó sì sọ ohun tí Akínkúnlé wí nípa òòfà kékeré mẹ́rin. Ọ̀gá kà á pẹ̀lú ìka, ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí, ó dìde, ó lọ bá Ògúndèjì níbi tó dúró sí, ó ṣí fìlà. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ, kò sì sọ ọ́ sókè. Ó padà wá sọ fún Fàrídà pé kó má kọ ìwé kejì mọ́, kó kọ èkíní bó ṣe rí gan-an. Kí wọ́n sọ òòfà náà kalẹ̀, kí wọ́n padà sórí ẹ̀wọ̀n títí wọn yóò fi rí oní-mẹ́rin yẹn. Ó lọ. Kò bá a wí. Ìbá sàn fún un ká ní ó bá a wí.

Nígbà tí àwọn yòókù padà sídìí iṣẹ́, Fàrídà lọ bá Ògúndèjì lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Orí òkìtì irin gígé ni bàbá náà jókòó sí, tó ń fi èékánná họ ọ̀dà kúrò lára nǹkan kan tí kò nílò híhọ. Fàrídà kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà tètè nawọ́, ó ní kó dìde, ilẹ̀ kún fún irin wẹ́wẹ́. Fàrídà bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ni òun jẹ̀bi, òun sì ti jókòó sídìí ìwé ìdágbére rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí òun kọ ọ́ tán. Ògúndèjì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì wò ó.

"Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀," ó wí.

Fàrídà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Ògúndèjì ní lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n fi òòfà náà gbé irin tó nípọn díẹ̀ ju tòní lọ. Kò já. Ṣùgbọ́n òun rí i bí etí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, òun sì gbọ́ ọ nínú okùn kéréènì. "Irin yẹn ń mí, Ẹnjiníà," ó wí. "Irin kì í mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wá wò ó wàyí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá tòótọ́ ni kò rántí. Ó wá rọra sọ ọ́ fún un. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, níbi ìpàdé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, òun ní ẹ̀wọ̀n kejì kò dún bó ṣe ń dún mọ́. Ẹnjiníà bi òun pé báwo ló ṣe ń dún. Òun ò rí ọ̀rọ̀ tí òun lè fi ṣàpèjúwe rẹ̀, ni òun bá ní ó ń ṣe òun bíi pé nǹkan kan ń ṣe é. Ẹnjiníà wá ní, "Bàbá, 'ó ń ṣe mí bíi pé' kò sí nínú ìwé. Ẹ mú nọ́ńbà wá." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà rẹ́rìn-ín," Ògúndèjì wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò ní nọ́ńbà."

Fàrídà wá ọjọ́ náà nínú ọpọlọ rẹ̀, kò rí i. Ó rántí ọyẹ́. Ó rántí ẹ̀wọ̀n kejì, tí wọ́n pààrọ̀ lóṣù kejì lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ kan là. Ẹ̀rín yẹn ni kò rántí. Ohun tó sọ láàárín ìṣẹ́jú kan tó sì gbàgbé lójú ẹsẹ̀ ti jókòó sínú ẹlòmíràn láti ìgbà náà, ó sì ti dé orí àpótí Àyọ̀kẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun ló ń pa òwe yẹn fún ara rẹ̀ láàárọ̀, tó ń fi dá Ògúndèjì lẹ́bi. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ní kí àgbà panu mọ́ lọ́jà.

"Ẹ sì gbé irin yẹn láàárọ̀ yìí," Fàrídà wí. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa jáde.

"Mo gbé e. Ẹ ní torí à ń lò ó la ṣe rà á. Mi ò jẹ́ kó ga, ẹ̀yin náà rí i, ìgbáròkó ló mọ." Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ìbọ̀wọ́ Àyọ̀kẹ́ ò ya. Èmi ni mo sọ fún un pé mo rí ihò lára rẹ̀, kó lọ pààrọ̀ ẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ náà ni Fàrídà ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìbọ̀wọ́ yẹn. Ó ti sọ ọ́ lórí fóònù fún Akínkúnlé pé orí ló kó ọmọ náà yọ.

"Bó bá ní òun ò lọ ńkọ́, Bàbá?"

Ògúndèjì wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó tún yí wọn padà. Nígbà tó dáhùn, èdè Ifẹ̀ ilé ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí kò lágbára láti wá òmíràn mọ́: ìbéèrè yẹn ni òun ń bi ara òun láti àárọ̀. Ìbéèrè náà ni kò jẹ́ kí òun lè bá ọ̀gá jiyàn. Bí wọ́n bá fún òun ní ìwé ìdágbére náà, òun ìbá gbà á.

Fàrídà jókòó tì í. Ọkọ̀ akóyanrìn kan kọjá lójú títì. Fàrídà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kò tó o mọ́.

Ní aago márùn-ún, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ tí wọ́n ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró ná. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe máa ń tò lọ́jọ́ ìpàdé, ojú sílẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Àyọ̀kẹ́ wà láàárín wọn, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé láti ọ̀sán, kò lọ. Fàrídà sọ fún wọn pé Bàbá Ògúndèjì ti mọ̀ pé òòfà náà kò dáa, bàbá ò lè sọ fún òun, ẹ̀bi òun sì ni. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó kù. Ohunkóhun tí ojú wọn bá ti rí, tí etí wọn bá ti gbọ́, ì báà má ní nọ́ńbà.

Wọ́n wo Ògúndèjì. Bàbá náà kò wo ẹnì kankan, ó kàn mi orí gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀.

Fikáyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láràárọ̀ tí òun bá ṣí gáàsì, kí òun tó ṣáná, òun máa ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìdí rọ́bà kejì. Ó lè jẹ́ imú òun ni o. Fàrídà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi í pé láti ìgbà wo. Fikáyọ̀ ní láti ìgbà Iléyá.

Pẹ́ńsù rẹ̀ dúró. Oṣù mélòó ni Iléyá ti lọ? Ó kọ Iléyá.

Àyọ̀kẹ́ ní àkàbà tí wọ́n fi ń wọ inú táǹkì ńlá máa ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun bí òun bá dé ipele kẹrin. Òun máa ń fo ipele yẹn ni. Àwọn mìíràn gbé orí sókè. Ó hàn gbangba pé gbogbo wọn ló ń fo ipele kẹrin. Ọkùnrin tó ń kun ọ̀dà ní nǹkan kan máa ń fa òun lọ́wọ́ bí òun bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fọ́n ọ̀dà lọ́jọ́ òjò, kì í dunni púpọ̀. Ẹnì kan ní bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ ìyẹn, òun náà ní ọ̀kan. Ẹlòmíràn ní méjì.

Wọn kò kígbe, wọn kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń júwe ọ̀nà ilé rẹ̀, ohun tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ dunjú. Oòrùn ti ń lọ sí ọ̀nà Ìpetumodù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba abẹ́ òrùlé wọlé, ó tàn sí àwọn táǹkì tí kò tíì parí. Fàrídà ṣí ojú ewé kejì. Ní ọ̀kan, wọ́n ní láti ọdún tó kọjá. Ní òmíràn, kí Ẹnjiníà tó dé pàápàá. Nígbà tó yá, kò bi wọ́n mọ́ pé láti ìgbà wo. Ó ń kọ ọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ohùn ń wá láti apá ọ̀tún, láti apá òsì, láti ẹ̀yìn pátápátá níbi tí ẹni tó ń ṣọ́nà dúró sí, tí kò ti sọ̀rọ̀ rí nínú ìpàdé, tó ń sọ pé kí Ẹnjiníà jọ̀ọ́ má bínú, tòun kò ju kékeré kan lọ.